Ìràwọ̀ Márùn-ún ní Oyèmẹ́kùn

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dé Oyèmẹ́kùn,
èmi Fọláṣayé, òṣìṣẹ́ àjọ tó ń wọn ọjà,
òǹwọ̀n iná nínú àpò mi, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ,
ìwé àṣẹ mi lábẹ́ abíyá, òógùn ti ń kọ̀wé tirẹ̀ sí i lára.

Fíríjì tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù Akínyòsóyè
bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
funfun, aláwọ̀ fàdákà, pupa bí ata rodo,
olúkúlùkù lẹ ìràwọ̀ mọ́ àyà.
Márùn-ún. Márùn-ún. Márùn-ún.
Mo ní, "Ọ̀gá, ojú ọ̀run Akúrẹ́ gan-an kò kún tó báyìí
àfi lálẹ́ tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù fún mi.
Mo ní rárá o. Omi tútù ọlọ́jà
a máa gbóná lọ́fun òṣìṣẹ́ ìjọba.

Mo ki òǹwọ̀n bọ ògiri, mo ki fíríjì bọ òǹwọ̀n.
Ó kọ́kọ́ kùn, hùn-ùn-ùn, bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.
Ó kọjá ibi tí ìràwọ̀ márùn-ún ń gbé,
ó kọjá ilé ìràwọ̀ mẹ́ta,
ó dé ojúde ìràwọ̀ kan, kò yà kí i,
ó ń lọ.
Wọ̀bìà!
Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló fẹ́ẹ́ dá jẹ tán
kí n tó ka orúkọ ẹni tó ṣe é.

Mo fi èékánná ha àlẹ̀mọ́ náà, tádàwà bá mi lọ́wọ́.
Lábẹ́ márùn-ún ni mo ti bá ẹyọ kan,
ìràwọ̀ tí wọ́n fi bí i lókè òkun,
tòkunbọ̀ tó ti sin olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ títí ó fi darúgbó.
"Ta ló tẹ èyí?"
Akínyòsóyè wo ilẹ̀.
Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wo òdìkejì títì,
níbi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ má fi ojú ìwé òfin wò mí.
Ta ló ń béèrè iye iná tí fíríjì ń jẹ?
Iye tí èmi ń gbà ni gbogbo wọn ń béèrè."
Òótọ́ wà níbẹ̀ bí egungun ṣe ń wà nínú ẹja:
mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú jáde.
Mo fi okùn pupa de méjìlá. Mo kọ̀wé. Ó bu ọwọ́ lù ú.

Nírọ̀lẹ́ mo wọkọ̀ kọjá Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó.
Ìyá mi ń rọ sóbò sínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé ní Òkè-Lísà.
Iná káàdì rẹ̀ ti tán lánàá,
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òmíràn ni,
owó tó fẹ́ fi tọ́jú eyín ló bá a lọ.
Fírísà ń kùn ní kọ̀rọ̀. Hùn-ùn-ùn.
Mo mọ ohùn yẹn.
Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti rí i:
ìràwọ̀ márùn-ún, ọ̀kan ti ń ṣí létí.

"Akúrẹ́ ni mo ti rà á," ó ní,
"ọkùnrin kan tó lẹ́nu dídùn. Ó ní kì í jẹ iná rárá."
Mo yọ òǹwọ̀n. Mo dá a padà sápò.
A kì í fi iná sórí òrùlé sùn,
ṣùgbọ́n owó sóbò ló rán mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn iná.
Ó wò mí títí. "Wọ̀n ọ́n," ó ní,
"kó o tó dè é, jẹ́ kí ti ọ̀la dì ná."

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ẹjọ́, olùpẹ̀jọ́ kìíní.
A jókòó sórí àpótí méjì nínú òkùnkùn.
Nọ́ńbà ń gòkè, ìyá mi ń kà á sókè,
bí ẹni tó ń ka eyín tó ti bọ́.