Ọdẹ́wándé Kò Tíì Ṣe Nǹkan Kan

Ojú ìwé igba ó lé méje ni mo dé lálẹ́ àná,
Ọdẹ́wándé ṣì dúró sẹ́nu ihò àpáta,
ó káwọ́ gbera.
Orúkọ ọdẹ ni mo sọ ọ́. Kò pa eku rí.

Mo fún un ní ọfà tí kì í tàsé,
àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ta á.
Mo fi odò iná dínà fún un lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé,
ewúrẹ́ tó ń fọhùn ló pọ̀n ọ́n sọdá
bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́.
Nígbà tí Olórí Àwọn Aláìlójìji yọ idà,
èmi fúnra mi ni mo ní kí òjò rọ̀,
kí idà dípẹtà,
kí ọ̀gbẹ́ni wa má baà farapa.
Ó ní, "Ẹ ṣé."
Ó tún dúró.

Ìbídùn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ló ń bá mi kà á ní ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ fáànù,
láàárín aṣọ tí n kò tíì rán àti èyí tí wọn ò wá gbà.
Ó ń jẹ kajú, omi rẹ̀ ń kán sí Orí Kẹsàn-án.
"Àǹtí, ó dùn o. Ewúrẹ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n kí ni Ọdẹ́wándé ń ṣe níbẹ̀?"
Mo ní òun ni olú ẹ̀dá ìtàn.
Ó ní, "Mo mọ̀. Kí ló ń ṣe?"

Inú bí mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì,
abẹ́rẹ́ kán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Tákíè, ẹ mọ bí ènìyàn ṣe lè dúró
kí ọkọ̀ Ìlọrin máa pè é, kí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ máa pè é,
"Ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan!"
kí ó máa rò ó, kí oòrùn fi wọ̀.
Ọdún tí Yunifásítì gbà mí, mo fọwọ́ ara mi gba lẹ́tà náà,
mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní. Bàbá ní a ó wò ó.
A wò ó. Ọdún kan. Ọdún méjì.
Ẹ̀gbọ́n mi ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́, ìyá mi ló gba ṣọ́ọ̀bù,
ọkùnrin tó fẹ́ mi ló dá ọjọ́ ìgbéyàwó,
òun náà ló dá ọjọ́ tó lọ.
Èmi sáà wà níbẹ̀, mo ń sọ pé ẹ ṣé.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.
Tèmi kò dákẹ́. Ó bọ́ sínú ìwé,
ó lọ káwọ́ gbera sẹ́nu ihò.

Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́wàá.
Mo pa ewúrẹ́ rẹ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́.
Mo dá òjò dúró. Mo ní kí àbúrò rẹ̀ lọ sùn.
Ó ku òun, ó ku ihò,
ó ku èémí ohun tó wà nínú ihò.
Mo gbé bírò sókè, n kò sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: kò fa ọfà yọ.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ tó tú,
nǹkan tí n kò kọ fún un.

Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹní.
Eku ti jẹ lẹ́tà náà dé ibi orúkọ mi.