Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Sáà, ní Portcraig

Kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan lónìí.
Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Tábìlì líìgì mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀:
òdo ni wá, òdo ni Auchenrae,
ẹgbẹ́ mẹ́wàá, òdo mẹ́wàá, gbogbo wọn ń dán.
Lónìí, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ,
àròsọ ni gbogbo rẹ̀,
àti kùrukùru òkun tó bo òpó góòlù ìhà àríwá.

Síbẹ̀ Innes ti kọ iye sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́:
Portcraig, mẹ́fà sí márùn-ún.
Ọ̀mì, márùn-ún sí méjì.
Auchenrae, méjì sí ọ̀kan.
Wá wò ó. Àwa ni wọ́n fojú sí!
Àwa tí a kò borí ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án,
láti ìgbà tí Gavin ọkọ mi ṣì ń gun àtẹ̀gùn pápá láìsí ọ̀pá.
Mo bi Innes pé kí ló fà á. Ó ní, "Dalgarno."
Atamátàsé tuntun ni wọ́n ń pè é.
Mo wò ó nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́: ó tàsé lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dáa.
Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ilé ẹja.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Innes kò mọ̀.
Ní aago méje àárọ̀ yìí, Struan Petrie kan ilẹ̀kùn mi.
Apínlẹ́tà ni láti ọjọ́ Ajé títí di òwúrọ̀ Sátidé;
tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, aṣọ́lé wa ni.
Ọwọ́ òsì ló fi na bíìlì iná sí mi,
Struan tí í ṣe ọlọ́wọ́ ọ̀tún.
Mo ní kí ló ṣe ọwọ́ kejì. Ó fà á yọ nínú àpò:
àtàǹpàkò ti wú, ó pọ́n bí tòmátò,
ojú eyín ajá Beaton wà níbẹ̀, mẹ́rin, wọ́n tò.
"Ẹ má sọ fún kóòṣì, Missis Rintoul.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ń dúró dè mí lórí bẹ́ǹṣì.
Tí n bá jókòó lónìí, n kò ní dìde mọ́."
Mo ní etí mi ti di. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ,
ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́.
Owó ni. Owó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kanlẹ̀kùn.
Auchenrae ní géńdé kan, Ogilvie, tí í gbá a láti ọ̀nà jíjìn.
Òjò ń bọ̀, bọ́ọ̀lù á wúwo, á sì máa yọ̀ bí ẹja.
Ogójì ọdún ni mo fi la ẹja ní èbúté;
mo máa ń rí i lójú ẹja pé ó ti bàjẹ́
kí òórùn rẹ̀ tó sọ fún àwọn yòókù.
Mo yọ pọ́n-ùn mẹ́wàá. Mo kọ Auchenrae.
Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
Innes wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo síkáàfù búlúù tó wà lọ́rùn mi,
ó lu òǹtẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀. Mo ti wà lórí ìjókòó wa;
ti Gavin ṣófo, mo gbé páì lé e kó tutù díẹ̀.
Pálásítà àti bándéèjì wà nínú báàgì mi,
màá jù wọ́n sí Struan lẹ́yìn góòlù bí kóòṣì bá yíjú.
Ogún pọ́n-ùn èrè wà nínú àpò mi, tí kò tíì pọ́n.
Ẹ wo arúgbó tó ń gbàdúrà kí owó rẹ̀ ṣègbé!
Olúwa, sọ mí di òpè.
Jẹ́ kí Dalgarno rí àwọ̀n, bó ṣe orúnkún ló fi gbá a.
Bí ìyẹn bá pọ̀ jù, ọ̀mì náà dáa,
ọ̀mì tí kò sẹ́ni tó jẹ, tí kò sẹ́ni tó kú,
àfi Innes tó máa fi pọ́n-ùn mẹ́wàá mi ra bíà.

Wọ́n ti ń jáde bọ̀. Struan ti wọ ìbọ̀wọ́.
Ó juwọ́ sí wa,
ọwọ́ òsì.