Àlàpà Méjì

Lálẹ́ àná, ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Tákíé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé:
aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó gun orí igi,
kí ìmọ́lẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ń dì nínú ewé.
Ìbídùn yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́,
òfì àláárì ní ìdí, ọwọ́ kan lórí orúnkún,
kò níí wò mí; ibi tí òrùlé wà rí ni yóò máa wò.
Mo kọ: bátìrì méjì. Omi. Àkísà tí a ó fi nu ojú kámẹ́rà.
Mo kọ: tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀.
Mo fi àmì ìbéèrè sí i nídìí,
torí ta ló ni ilé òrìṣà
tí òrìṣà fúnra rẹ̀ ti kó jáde?

Ọ̀kadà méjì gbé wa gba ọ̀nà Ìkòyí.
Ìbídùn di gèlè rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ilé náà kúrú ju bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ lọ.
Ògiri mẹ́ta. Ìkẹrin ti padà di ilẹ̀,
ẹ̀gẹ́ ti hù lórí rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí ẹnìkan ń ro dáadáa.
Lára òpó kan, ikán ti jẹ imú obìnrin tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀,
síbẹ̀ ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀,
ó ṣì gbé igbá rẹ̀ dání.

Baba kan yọ láàárín ẹ̀gẹ́, ọkọ́ léjìká.
Òjélabí lorúkọ rẹ̀.
Òun ló ń ro ìdí ògiri náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.
"Ṣé ògiri lẹ fẹ́ yà ni, àbí ọmọ yìí?"
Mo ní méjèèjì.
"Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ya èmi náà."

Ọkàn mi ti sáré ṣíwájú:
ìlà iwájú orí rẹ̀ àti sísán ara ògiri,
ilẹ̀ pupa, ọrùn dúdú. Irú àwòrán tí wọ́n ń gbé oríyìn fún.
Mo ní, Baba, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.
Ó ní rárá.
Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn ahéré rẹ̀,
níbi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n kùn ní búlúù.
"Ibí ni. Pálọ̀ làwọn ọmọ mi máa gbé e kọ́ sí
lọ́jọ́ tí mo bá sùn tí n ò jí.
Ẹni tó bá wọlé, ojú mi ni kó rí.
Àlàpà méjì kì í jọ dúró nínú fọ́tò kan,
ọ̀kan á sọ̀rọ̀ bo ìkejì mọ́lẹ̀."

Bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti já.
Ìbídùn yọ pín-ìnnì gèlè rẹ̀, ó fi pa á dé.
Ó fi àkísà kámẹ́rà nu eruku oko lójú rẹ̀.
Baba sé èémí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn,
ó di ìgbà tí mo ní "ó ti tán" kó tó tú u sílẹ̀.

Oòrùn ti gòkè. Ìmọ́lẹ̀ inú ìwé mi ti lọ.
Bátìrì kan ti kú, gèlè ò ṣeé wé mọ́.
Ìbídùn jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà pẹ̀lú orí lásán,
ẹ̀gẹ́ ló ń wò, kì í ṣe òrùlé.
Mo pa àmì ìbéèrè yẹn rẹ́.
Mo kọ Òjélabí sí àyè rẹ̀,
mo gbé kámẹ́rà sójú,
ni mo bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi:
"Ọmọ mi, gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.
Díẹ̀ sí i.
Ẹ̀n-ẹ́n. Sé èémí."