Dákú-dájí ní Hull

Aago méjì òru ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
Kùrukùru ti gun orí odò Humber wá sígboro,
ó gbé òrùlé mì, ó gbé òpó iná mì,
ó ku àpótí tẹlifóònù aláwọ̀ wàrà kan ní ìkòríta
tó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de àbúrò rẹ̀.
Èmi náà ò sùn. Mò ń ṣọ́ aláìsàn.

Aláìsàn mi kò lórí, kò lọ́rùn.
Sáfà ni, kì í ṣe irú èyí tí ẹ lè fọwọ́ kàn:
inú irin kan ní Leeds ló ń gbé,
òun àti mọ́kànlá mìíràn bí ayálégbé,
oníkálukú rò pé òun nìkan ló nilé.
Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé àwọn oníṣègùn eyín mẹ́fà wà
láti Hull títí dé Beverley.
Bó bá dákú, akọ̀wé á wojú arúgbó,
á ní, “Ẹ má bínú, mi ò rí orúkọ yín.”
Arúgbó á fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Mo pè é, ó jẹ́. Mo pè é, ó jẹ́.
Mo pè é lógójì ìgbà, ó jẹ́ lógójì ìgbà.
Nígbà tó di ìkọkànlélógójì,
kẹ́kẹ́ pa.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Àádọ́ta.
Ó tún jí, ó ń fèsì bí ẹni tí kò kúrò nílé rí.
Ohun tó kú pátápátá, a mọ ibi tí a ó gbẹ́lẹ̀ sí;
ohun tó yè, ẹ jẹ́ ká lọ sùn;
èyí tó ń dákú, tó ń dájí,
òun ló ń sọ èèyàn di ọdẹ òru.

Mo ní kí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ má tòògbé mọ́ nítorí àtiṣọ́ iná lò.
Mo ṣí ìlẹ̀kùn ààbò sílẹ̀ díẹ̀, àyà mi ń já, mo tún un tì.
Mo pe Garbutt tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Leeds
pé kó yọ wáyà, kó tún un kì bọ̀ ọ́.
Ó ní, “Wáyà ò ṣe nǹkan kan, Fadérera. Lọ mu tíì.”
Mo mu tíì.
Ó dákú kí n tó gbé ife sílẹ̀.

Wọ́n ní inú ilé laṣeni ń gbé.
Mo bá yíjú sí àwọn aládùúgbò rẹ̀, mo bi wọ́n:
“Ta ló ń jẹ́ nọ́ńbà yìí?”
Sáfà mi ní, “Èmi ni.”
Ohùn kejì ní, “Èmi ni.”

Háà.

Ẹ̀dà rẹ̀ ni. Dunstan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún méjì
ló dà á kọ láti fi dán nǹkan wò,
kò yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, ó pa á, ó gbàgbé.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pa irin náà, wọ́n tún un tàn,
ẹni tó ti ń sùn bá la ojú.
Kì í ṣe olè. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló ń jẹ́:
wọ́n pè, ó sì jẹ́,
lẹ́tà ń wọlé tọ̀ ọ́, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.
Aṣeni ni mò ń wá, ìbejì ni mo bá.

Mo rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ dé,
F. Ajíbóyèdé méjì lójúlé kan ní Spring Bank.
Ìwé ìgbélùú mi sùn fóṣù mẹ́ta lórí fìríìjì Fọláṣewà;
òun náà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń sọ pé,
“Èyí ò jọ fọ́tò mi o.”

Ó yẹ kí n nù ún kúrò. Mi ò nù ún.
Mo fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo ní kó padà sùn.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀gbọ́n.
Ogójì. Ó jẹ́.
Igba. Ó jẹ́.
Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti ń kọjá, ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Mo ti bọ́ bàtà, mo ti na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó,
ṣùgbọ́n mo ṣì ń kà á.