Gbèsè Tòkunbọ̀

Lọ́dọ̀ tiwa, tòkunbọ̀ là ń pè é,
ọkọ̀ tó ti sin ẹlòmíràn kó tó sọdá omi wá bá wa.
Èyí tí Marlys Hakala rà ní Duluth kò rí òkun rí.
Adágún ńlá ìlú yẹn ló mọ̀, èyí tí yìnyín ń bò lóṣù kìíní,
àti títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí bí ẹni ń se ọbẹ̀,
iyọ̀ tó ń jẹ irin lábẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo.

Verlin Stroud ló tà á fún un.
Ó fi ọ̀dà búlúù bo ìpẹtà mọ́lẹ̀,
ó fín lọ́fínńdà olóòórùn ọsàn sínú rẹ̀,
ó ní ìyá arúgbó kan ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ìsinmi nìkan.
Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló jìnnà tó ọ̀kẹ́ mẹ́jọ máìlì?
Marlys ò béèrè.
Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, aṣọ àwọn aláìsàn ló ń fọ̀,
bọ́ọ̀sì kì í sì í rìn láago mẹ́rin ìdájí.
Ẹni tí òtútù ń pa kì í yẹ ojú rírán ẹ̀wù wò.

Ìwé ojú ewé méjìlá ló fọwọ́ sí.
Lójú ewé kẹsàn-án, lẹ́tà tó kéré bí ẹyin ìdun:
bó ṣe wà ni mo ṣe rà á.

Ọjọ́ kọkànlá, lórí afárá, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó dákẹ́.
Eino mẹkáníìkì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó fọhùn.
“Gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́,” ló wí.
“Ẹ́ńjìnnì ni mo ń sọ o, kì í ṣe àpò ìwé.”

Stroud ò gbé fóònù mọ́.
Marlys ò san owó mọ́.
Ọkọ̀ tí kò lè rìn wá rìn lóru ọjọ́ kan:
wọ́n fi ṣéènì wọ́ ọ lọ, tòun tìràwọ̀ bébà
tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn.
Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là,
wọ́n ní ó ṣì ku ẹgbàáta lé igba.
Ọkọ̀ lọ, gbèsè jókòó.
Ó ń bá wọn jẹun alẹ́. Èlé rẹ̀ ń sanra.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta gbèsè fúnra rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni o.
Stroud tà á fún báǹkì, báǹkì tà á fún àwọn kan ní Tulsa,
sẹ́ǹtì mẹ́rin fún dọ́là kọ̀ọ̀kan,
àwọn yẹn náà tún tà á.
Láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbèsè pàápàá di tòkunbọ̀.

Ọjọ́ ẹjọ́, èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì, owó ilé ló gbé tèmi dé ibẹ̀.
Agbẹjọ́rò wọn, ọmọdé tí kóòtù rẹ̀ ṣì ń rùn ti ṣọ́ọ̀bù,
pe Marlys ní Marilyn lẹ́ẹ̀mejì.
Adájọ́ sọ awò rẹ̀ kalẹ̀:
“Ìwé wo ló fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni gbèsè yìí?”
Ọmọ náà tú fáìlì, ó tún un tú.
Abala ìwé kan ló rí: nọ́ńbà kún un, kò sí orúkọ.
“Bí wọ́n ṣe tà á fún wa nìyí, Olúwa mi.”
“Bó ṣe wà?” ni adájọ́ wí.
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kì í ṣe Marlys.

Wọ́n da ẹjọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ìwé, wọ́n lè padà wá.
Kò jẹ̀bi, kò sì bọ́.

Bọ́ọ̀sì kan náà la jọ wọ̀.
A ń kọjá níwájú ọgbà Stroud, ó di mí lápá mú.
Ọkọ̀ kan wà létí ọgbà, pupa bí ata, owó lára gíláàsì iwájú.
Èmi ò rí nǹkan kan.
Ó fi ìbọ̀wọ́ nu èémí kúrò lójú fèrèsé,
ó nàka sí gíláàsì ẹ̀yìn,
níbi tí ìràwọ̀ bébà kékeré kan ṣì lẹ̀ sí.