Má Yí Gíláàsì Sílẹ̀

Ní Hermosillo, oòrùn ni onílé,
ayálégbé ni gbogbo àwa tó kù.
A máa ń fara ti ògiri rìn bí alángbá,
à ń wá ibòòji tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.
Èmi Eleuterio, ibòòji ni mò ń tà.
Mò ń wọ̀n ọ́n ní mítà, mò ń gé e,
bí ẹni ń ta aṣọ.

Aago méje òwúrọ̀ ló dé, kí ilẹ̀ tó gbóná,
Hortensia Yescas, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
nínú Tsuru funfun tí wọ́n fi wáyà so bọ́ńpà rẹ̀.
Táwẹ́ẹ̀lì ló fi bo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó há a mọ́ etí gíláàsì;
òdòdó ara rẹ̀ ti ṣá, ó ku igi rẹ̀ nìkan.
"Dókítà ní oòrùn ò gbọ́dọ̀ rí mi mọ́."
Ó gbé ojú sókè kí n wò ó:
àmì pupa kan na apá méjèèjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́,
bíi labalábá tó bà lé imú
tó kọ̀ tí kò fò lọ.
"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré sísá
nínú oòrùn yìí kan náà.
Kí ni mo fi ṣe é?"

N kò mọ èsì. Mo lọ po ọṣẹ mọ́ omi.

Ó fẹ́ kó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo ní òfin ò gba dúdú níwájú.
"Ṣé òfin ló ni awọ mi ni?"
Mo bá fa róòlù kan yọ lẹ́yìn àwọn yòókù,
ó mọ́ kedere bí omi tíì tí wọ́n là mọ́ omi,
ó sì wọ́n ju dúdú lọ.
Ó fi ìka kàn án. Ó rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì.
"Ohun tí mi ò rí, báwo ló ṣe máa gbà mí?"
Mo ní, "Màámi, èyí tó ń jó yín nínú oòrùn náà,
ẹ ti rí i rí?"

Ó dákẹ́. Ó san ìdajì.
Ìdajì yòókù, ó di òpin oṣù.

Mo fi abẹ fá gíláàsì bí orí ọmọ tuntun,
mo wọ́n omi, mo tún wọ́n ọn,
mo tẹ́ awọ náà, mo fi rọ́bà ti omi jáde
láti àárín lọ sí etí, láti àárín lọ sí etí.
Eruku kan péré! Èyí tó bá há sáàárín
di aládùúgbò rẹ títí ọkọ̀ yóò fi kú.
"Ọjọ́ mẹ́rin," ni mo wí, "ẹ má yí gíláàsì sílẹ̀."

Ọjọ́ kẹta, lójú ọ̀nà Kino, àwọn sójà dá a dúró.
Ọ̀kan kan gíláàsì. Ó mi orí.
Ó tún kàn án. Ó ya ìwé, ó kọ̀wé gàdàgbà,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì láti inú:
KÒ TÍÌ GBẸ. Ó DỌ̀LA.
Ọmọkùnrin náà kà á, ètè rẹ̀ ń mì,
ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn náà wá kà á.
Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.
Agboòrùn ló kọ́kọ́ jáde, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e.
Wọ́n tú búùtù rẹ̀ wò, ẹja yíyan ló wà níbẹ̀;
sójà kan, òógùn bò ó, ó gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀,
ó gbé e dúró lé e lórí.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, lópin oṣù.
Kò mú owó tó pé wá.
Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i nísàlẹ̀ gíláàsì:
irun kan, ó ká kọrọdọ lábẹ́ awọ.
Ojú tì mí. Mo gbé abẹ, mo fẹ́ bó gbogbo rẹ̀ kúrò.
"Fi sílẹ̀," ló wí. "Ó ti mọ́ mi lára."

Mo fara mọ́ gíláàsì, mo wò ó dáadáa.
Funfun ni.
Èmi nìkan ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn.
Mi ò sì tíì mọ̀ pé mo ti ń hewú.