Lẹ́tà Wẹ́wẹ́ Ara Agolo

Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ kòkó.
Ní abà wa lọ́nà Bágbè, lẹ́yìn Oǹdó,
kòkòrò dé bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́.
Ó fa omi ara èso mu, èso dúdú,
ẹ̀ka gbẹ bí ìka arúgbó.

Ni bàbá bá gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn.
Ìdérí kan fún garawa omi kan, bẹ́ẹ̀ ni agolo wí;
bàbá bu mẹ́ta.
"Ẹni tó bá na ejò lẹ́gba kan ṣoṣo,
ejò ni yóò ròyìn ìjà náà."
Kò sí ìbọ̀wọ́. Kò sí ìbomú.
Ó kọjú sí afẹ́fẹ́,
afẹ́fẹ́ sì dá a padà fún un, láì yọ kọ́bọ̀.
Lálẹ́, òkèlè ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Oòrùn ni," ó ní. "Oòrùn oko."
A gbà á gbọ́.

Oyin inú ihò ìrókò kò fò lọ́sẹ̀ yẹn.
Òdòdó kòkó, tó ń yọ lára ìtì igi bí ìràwọ̀ tó ṣìnà,
rẹ̀ dànù; kò rí kòkòrò wẹ́wẹ́ tí yóò bá a gbé ìyẹ̀fun.
Àṣé nínú ogunlọ́gọ̀ tí a pa,
alábàáṣe wà níbẹ̀.

Èyí tó kù nínú pọ́ǹpù, ó rọ ọ́ sínú ìgò mínírà,
ó fi í sábẹ́ ibùsùn.
Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi Ìtùnúolú,
òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Ìyá gbé epo pupa, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lọ́fun.
Màmá Fáwẹ̀hìnmí gbá ìgò epo náà sílẹ̀:
"Má fún un ní nǹkan kan! Agolo dà?
Ẹ gbé agolo, ẹ gbé ọmọ, ẹ máa lọ!"
Ọ̀kadà kan, ènìyàn mẹ́rin, agolo kan,
eruku títí dé ilé ìwòsàn.
Nọ́ọ̀sì ka ara agolo, ó sáré wọlé.
Inú lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn
ni ẹ̀mí àbúrò mi sá pamọ́ sí.
Ó yè. Ohùn rẹ̀ nìkan ló há di òní.

Akúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, lẹ́bàá títì Ọ̀bá-Ilé.
Mo ní igi mángòrò kan,
mo ní ikán tó ń jẹ férémù ilẹ̀kùn mi.
Ọmọkùnrin kan ń polówó kiri ojúlé:
"Oògùn eèrà! Oògùn aáyán! Apa-gbogbo-ẹ̀!"
Nínú ọ̀rá. Kò lórúkọ, kò lọ́jọ́ orí.
Mo ní, ọmọ ìyá mi, máa lọ,
ohun tí kò lórúkọ kì í wọlé mi.
Mo wá ilé ikán kàn nídìí ògiri,
ibẹ̀ nìkan ni mo da oògùn sí.
Eèrà pupa orí mángòrò, mo jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ igi.
Ẹ̀wà inú kẹ́ẹ̀gì, ata gbígbẹ ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀.

Bàbá ṣì ń lọ oko.
Kí ó tó ṣí agolo, á gbé e fún Ìtùnúolú:
"Ka èyí tó kéré jù fún mi."
Ìtùnúolú á fi ohùn híhá yẹn kà á:
ìdérí kan.
Bàbá á bu ẹyọ kan.
Á ju koríko gbígbẹ sókè kí ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ,
á sì yí ẹ̀yìn sí i.
Agolo tó bá ṣófo, á fi ìṣó dá a lu nígbà mẹ́ta,
kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọn omi.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, mo mú ọmọ mi lọ kí i.
Ọmọ rí i lókèèrè, ó sáré.
Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí:
"Dúró níbẹ̀, ìyá mi kékeré. N kò tíì wẹ̀."
Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé,
ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ.